Òṣíbàtà Kì í Ṣe Lótọ́ọ̀sì: Èrò Kan lórí Orúkọ Ewéko àti Ìpínsísọ̀rí Wọn nínú Ẹ̀kọ́ Èdè Abínibí

Kò pẹ́ púpọ̀ sẹ́yìn tí ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí a ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ní ojú-ewé tí ó dá lórí àwọn ewéko inú omi, a ya àwòrán òdòdó ńlá aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan síbẹ̀. Ewé rẹ̀ rí roboto, ó sì na ọrùn gọgọrọ sókè kúrò lójú omi bí agboòrùn tí atẹ́gùn yí sódì. Lábẹ́ àwòrán náà ni a kọ ‘Òṣíbàtà’ sí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pọn omi odò rí ní ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe òṣíbàtà. Òṣíbàtà kì í na ewé rẹ̀ sókè bẹ́ẹ̀. Ojú omi ni ó máa ń tẹ́ ẹ sí pẹrẹsẹ, ewé náà sì máa ń là láti etí kan títí dé ibi tí ọ̀pá rẹ̀ ti so mọ́ ọn. Ewé tí ó wà nínú àwòrán yẹn kò là níbì kankan.

N kò fẹ́ bú ẹni tí ó ṣe ìwé náà, nítorí mo rò pé mo mọ ọ̀nà tí ó gbà ṣìnà. Ó wo orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún òṣíbàtà, ó rí Nymphaea lotus. Ó wá mú ọ̀rọ̀ kejì yẹn, ó fi wá àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán ewéko mìíràn pátápátá ni ó sì jáde sí i, nítorí pé ewéko mìíràn ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń pè ní lótọ́ọ̀sì lóde òní. Ó ní orúkọ Yorùbá tí ó tọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó lọ gba àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju pé kí á má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, àti pé bí a bá kọ́ ọmọ ní ohun tí òṣíbàtà jẹ́ gan-an ní èdè rẹ̀, yóò mọ ìpínsísọ̀rí ewéko ju ẹni tí ó há a sórí ní Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Àsìkò tí a wà yìí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kéré. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni a ó máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ náà kéde pé a ti wọ́gi lé e. Láti ìgbà náà ni ẹjọ́ àtijọ́ ti tún dìde: wọ́n ní èdè wa kò gba sáyẹ́ǹsì, wọ́n ní kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti dáhùn apá kan nínú ẹjọ́ yìí. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá méjèèjì, ti ọdún 1984 àti ti 1990, fi hàn pé a lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ti wọ̀ wá lẹ́wù jù. Kí á tó ṣẹ̀dá òmíràn, ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ èyí tí a ní wò, kí á mọ ohun tí ó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ ìdílé tí òṣíbàtà ti wá. (Ìdílé ni n óò máa pe ìpele tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní jẹ́nọ́ọ̀sì, agboolé ni n óò pe ìpele tí ó ga jù ú lọ, nítorí pé ìdílé púpọ̀ ni ó máa ń wà nínú agboolé kan.) Nínú ìwé Species Plantarum tí Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, tẹ̀ jáde ní ọdún 1753, ó kó ewéko mẹ́rin jọ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Nymphaea. Orúkọ náà ti inú èdè Gíríìkì wá, ó sì jẹ mọ́ àwọn ẹ̀mí abo tí àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ gbà pé wọ́n ń gbé inú omi. Ẹni tí ó bá mọ Ọ̀ṣun àti Yemọja kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Àwọn mẹ́rin náà ni Nymphaea alba, òdòdó funfun ilẹ̀ Yúróòpù. Nymphaea lutea, aláwọ̀ ìyeyè. Nymphaea nelumbo ti ilẹ̀ Íńdíà. Àti Nymphaea lotus, òṣíbàtà tiwa, tí ó wà ní Íjíbítì pẹ̀lú.

Àwọn mẹ́rin yìí kò pẹ́ pọ̀. Ní ọdún 1763, Michel Adanson yọ ti ilẹ̀ Íńdíà kúrò, ó sọ ọ́ di ìdílé ọ̀tọ̀ tí à ń pè ní Nelumbo. Adanson yìí kì í ṣe àlejò ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, nítorí ó ti gbé ní Senegal fún ọdún bíi mélòó kan, ó ń ṣàyẹ̀wò ewéko ibẹ̀. Ní ọdún 1809 ni James Edward Smith yọ aláwọ̀ ìyeyè náà, ó sì di Nuphar. Ẹni méjì péré nínú mẹ́rin ni ó ṣẹ́kù, òṣíbàtà sì wà lára wọn. Láti ìgbà náà ni a ti ń rí àwọn ọmọ ìdílé tuntun kún un. Ní ọdún 1905, H. S. Conard, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìwé ńlá kan lórí ìdílé yìí nìkan. Ó pín in sí ọ̀wọ́ márùn-ún, ìpín márùn-ún náà ni a sì ṣì ń lò dòní. Àwọn ọmọ ìdílé náà ti tó nǹkan bí 50 tàbí kí wọ́n lé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù ni ti ẹni tí Adanson yọ kúrò. Láti nǹkan bí ọdún 1990 tí àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi DNA ewéko wéra wọn ni ó ti hàn pé Nelumbo kì í tilẹ̀ í ṣe ará agboolé òṣíbàtà. Àwọn tí ó sún mọ́ ọn jù lọ láyé jẹ́ igi orí ilẹ̀ gbígbẹ: igi Platanus tí wọ́n ń gbìn sí ẹ̀bá títì ní ìlú Yúróòpù, àti àwọn igi Protea ti Gúúsù Áfíríkà. Ewé roboto, òdòdó ńlá, gbòǹgbò inú ẹrẹ̀, gbogbo ohun tí ó mú wọn jọra, omi ni ó wọ̀ wọ́n ní aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Àwa Yorùbá sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá wọ aṣọ ẹbí ní òde àríyá ni ó jẹ́ ọmọ bàbá kan náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irú ìyàtọ̀ yìí kò ṣeé mọ̀ láìsí ẹ̀rọ, kí ó wo àwọn elédè Bẹ̀ǹgálì. Nelumbo ni òdòdó orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ọmọ ìdílé òṣíbàtà ni òdòdó orílẹ̀-èdè Bangladesh. Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ máa ń pe lótọ́ọ̀sì àti lílì mọ́ra wọn níbi ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Bẹ̀ǹgálì kò dà wọ́n pọ̀: padma ni ọ̀kan, shapla ni èkejì, ọmọdé ibẹ̀ kò sì lè ṣi ọ̀kan pè. Àwa náà ní irú rẹ̀ nílé. Gẹ̀ẹ́sì pe orógbó ní obì kíkorò, bẹ́ẹ̀ ni orógbó kò bá obì tan rárá. Agboolé ọ̀tọ̀ ni àwọn onímọ̀ fi kálukú sí. Kò sí Yorùbá kan tí ó jẹ́ pe orógbó ní obì. Ó yẹ kí olùkọ́ fi èyí han ọmọ gbangba, kí ó lè mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń ṣi ewéko pè.

Àwọn kan lè sọ pé Yorùbá náà ṣe àṣìṣe tirẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń tọ́ka sí ojúoró. Wọ́n ní àwọn baba wa ka ojúoró àti òṣíbàtà sí ọ̀kan náà, nítorí pé wọ́n máa ń pe àwọn méjèèjì pọ̀ nínú ìwúre. Èyí kì í ṣe òótọ́. Ẹni tí ó ń wúre pe àwọn méjèèjì pọ̀ nítorí pé àwọn méjèèjì ni í lékè omi, ohun tí ó sì ń fẹ́ ni pé kí òun náà lékè. Bí wọ́n bá jẹ́ ohun kan náà, kí ni yóò fi pe orúkọ méjì? Ojúoró kò ta gbòǹgbò sí ibì kan. Ibi tí omi bá gbé e lọ ni ó ń lọ. Òṣíbàtà fi ìdí múlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó wá fi ọ̀pá gígùn gbé ewé sókè. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ojúoró, tí wọ́n ń pè ní Pistia, sínú agboolé kan náà pẹ̀lú kókò. Ní ilẹ̀ Hausa, bado ni òṣíbàtà, wọ́n sì máa ń jẹ irúgbìn àti ìdí rẹ̀. Kainuwa ni ojúoró, èyí tí wọ́n sọ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó gbìn ín, nítorí pé kò sí ẹni tí ó gbìn ín sí ojú omi. Èdè méjì tí kò bá ara wọn tan ni ó pààlà sí ibi kan náà. Mo fẹ́ kí olùkọ́ Yorùbá ní Ọ̀yọ́ àti olùkọ́ Hausa ní Hadejia máa bá ara wọn sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ó ṣàǹfààní ju kí kálukú máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ iyàrá rẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó ń da nǹkan pọ̀ ni àwa ará òde òní. Ewéko kan tí ó ní òdòdó elésè àlùkò ti gba ojú ọ̀sà àti odò wa láti ọdún 1984 tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní agbègbè Badagry. Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Mo ti gbọ́ kí àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ máa pe èyí ní òṣíbàtà, kí àwọn mìíràn pè é ní ojúoró. Ọmọ tí kò bá lè ya àlejò tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi kúrò lára ọmọ onílé, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí ó ń bàjẹ́ lójú odò wọn?

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ awẹ́, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé Yorùbá lè ran ọmọ lọ́wọ́ jù. Ìpín méjì péré ni wọ́n fi kọ́ mi nípa ewéko tí ń ní òdòdó: èyí tí irúgbìn rẹ̀ ní awẹ́ kan bí àgbàdo, àti èyí tí tirẹ̀ ní awẹ́ méjì bí ẹ̀wà. Fún ọdún pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ fi jiyàn lórí ibi tí òṣíbàtà yẹ kí ó wà. Irúgbìn rẹ̀ ní awẹ́ méjì bí ẹ̀wà, ṣùgbọ́n bí a bá gé ìdí rẹ̀ wò, àwọn iṣan tí omi ń gbà nínú rẹ̀ fọ́n káàkiri bíi ti àgbàdo. Àwọn kan gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àgbàdo, àwọn kan dá a padà. Ní ọdún 1999 ni ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí DNA fẹnu kò pé kò sí ní ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn. Agboolé òṣíbàtà ti ya kúrò lára àwọn yòókù kí àgbàdo àti ẹ̀wà tó pínyà. Igi kékeré kan tí ń jẹ́ Amborella, ní erékùṣù New Caledonia, nìkan ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ti ya ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 2020, ìwé-ìròyìn Nature gbé iṣẹ́ àwọn tí ó ka gbogbo DNA ọ̀kan nínú ìdílé náà, Nymphaea colorata, jáde, òun náà kò sì yí ìdájọ́ pé òṣíbàtà kò sí lọ́dọ̀ àgbàdo tàbí ẹ̀wà padà.

Báwo ni ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò ṣe lóye èyí? Ẹ fún un ní obì. Ọmọ tí ó bá ti jókòó ti àgbà níbi tí wọ́n ti ń pa obì mọ̀ pé gbànja ní awẹ́ méjì, ó sì mọ̀ pé obì àbàtà lè ní mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, obì ni àwọn méjèèjì. Àwọn onímọ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀: Cola ni orúkọ ìdílé àwọn méjèèjì, nitida àti acuminata ni wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti fi gbànja àti àbàtà yà wọ́n. Nítorí náà, ọmọ náà ti mọ̀ kí ó tó dé kíláàsì pé iye awẹ́ nìkan kò tó láti fi dá ẹ̀jọ́ ìran. Mi ò rò pé ẹni tí ó há ‘awẹ́ kan, awẹ́ méjì’ sórí ní Gẹ̀ẹ́sì lè yára gbà bẹ́ẹ̀.

N kò sọ pé orúkọ Yorùbá kì í tàsé. Wọ́n ń pe ata rodo ní ata, wọ́n ń pe ataare ní ata, wọ́n sì fi ata sínú orúkọ atalẹ̀. Ti ataare àti atalẹ̀ yẹ ní tòótọ́, nítorí agboolé kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ata rodo kò bá wọn tan; ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ìwà títa ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó fi gba orúkọ. Ẹ jẹ́ kí á sọ èyí fún ọmọ pẹ̀lú. Kí á sọ fún un pé nígbà mìíràn Yorùbá ń fi ìran sọ nǹkan lórúkọ, nígbà mìíràn ó ń fi ìwà tàbí ìlò sọ ọ́. Olùkọ́ tí ó bá fi ẹ̀yìn èyí pa mọ́ nítorí ìfẹ́ èdè yóò kàn kọ́ ọmọ láti máa gbéraga lásán.

Ṣùgbọ́n ti ìdílé òṣíbàtà, orúkọ náà kò tàsé. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i lókè òkun. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé orúkọ náà dání, àwọn onísìn Candomblé sì ń lò ó títí di òní. Oxibatá ni wọ́n ń kọ ọ́. Òdòdó tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Nymphaea lotus nìkan. Oríṣiríṣi ọmọ ìdílé Nymphaea ni wọ́n ń fún ní orúkọ yìí, wọ́n sì ń fi àwọ̀ òdòdó yà wọ́n. Ojúoró bá wọn débẹ̀, ó ṣì wà lọ́tọ̀. Ẹni tí ó dé ilẹ̀ àjèjì, tí ó rí òdòdó tí kò rí rí nínú odò àjèjì, tí ó sì pè é ní orúkọ tí ó bá ìdílé rẹ̀ mu, kí ni a ó pe ohun tí ó ṣe bí kò bá ṣe ìpínsísọ̀rí? Nílé níhìn-ín náà, òṣíbàtà kì í ṣe ẹyọ kan. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, yàtọ̀ sí Nymphaea lotus olódòdó funfun tí etí ewé rẹ̀ rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí eyín ayùn, Nymphaea micrantha tún wà, tí ó máa ń bí ọmọ sí orí ewé, ní ibi tí ewé àti ọ̀pá ti pàdé. Mo fẹ́ràn láti máa fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó rí ewé tí ó pọn ọmọ tí kì í béèrè ọ̀rọ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n dá a lábàá pé kí á kó gbogbo irú ewéko báyìí sábẹ́ orúkọ tuntun bíi ‘òdòdó ojú omi’. Orúkọ náà yóò kó Nelumbo àti àlejò elésè àlùkò wọlé, yóò sì ti ọmọ ìdílé síta. Ní ọdún 1987, wọ́n rí ọmọ ìdílé òṣíbàtà kan ní Rwanda, Nymphaea thermarum, tí kì í gbé ojú omi rárá. Orí ẹrẹ̀ tútù lẹ́bàá ìsun omi gbígbóná ni ó ń hù sí, ewé rẹ̀ sì lè má fẹ̀ ju èékánná lọ. Wọ́n darí omi ìsun náà gba ibòmíràn, ẹrẹ̀ gbẹ, ewéko náà sì kú tán níbẹ̀. Ọgbà ewéko Kew ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ti rí irúgbìn rẹ̀ mú hù kí ìran rẹ̀ má bàa parẹ́. Ní ọdún 2023 ni a tún rí i ní ibòmíràn ní Rwanda. Níbo ni ‘òdòdó ojú omi’ yóò fi èyí sí? Òṣíbàtà Rwanda ni kí á pè é, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ewúro tí ń gbé etí omi ní ewúro odò.

Ìpínsísọ̀rí fúnra rẹ̀ kò sì tíì parí. Àwọn onímọ̀ kan ti rí ẹ̀rí pé Victoria, ewéko odò Amazon tí ewé rẹ̀ lè gbé ọmọdé dúró, ti inú ìdílé Nymphaea gan-an jáde, èyí tí yóò mú kí ààlà ìdílé náà yí padà bí a bá gbà á. Ó dára kí ọmọ gbọ́ èyí ní èdè rẹ̀, kí ó mọ̀ pé àwọn àgbà ṣì ń jiyàn, àti pé àyè wà fún òun náà láti dá sí i.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀, kò sì dúró de ìlànà tuntun láti Abuja. Kí olùkọ́ èdè àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì jọ mú àwọn ọmọ lọ sí etí omi ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín sáà. Kí wọ́n mú ìwé tí Z. O. Gbilé kọ ní Ìbàdàn ní 1984 lórí orúkọ Yorùbá àwọn ewéko Nàìjíríà dání bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n sì mú àgbà kan tí ó mọ ewé dání, nítorí ìwé kì í gba ìbéèrè ọmọdé. Kí wọ́n fa ojúoró sókè, kí wọ́n rí gbòǹgbò rẹ̀ tí ó ń mì nínú omi. Kí wọ́n wá gbìyànjú láti fa òṣíbàtà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tètè lọ. Alẹ́ ni òṣíbàtà funfun máa ń ṣí òdòdó rẹ̀, bí oòrùn àárọ̀ bá sì ti mú ni ó máa ń pa á dé. Mo rí i pé ọ̀sán gangan, lẹ́yìn oúnjẹ, ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń fi ẹ̀kọ́ èdè abínibí sí nínú àtẹ àkókò wọn. Bí wọ́n bá débẹ̀ ní ìgbà yẹn, òdòdó pípadé ni wọn yóò bá.